Àjọ Tó Ń Ṣèpàdé Lóru

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Òkété akápò, ó dá lórí àpótí owó kan tó jẹ́ ti gbogbo ẹranko etí ọ̀sà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rí inú rẹ̀ rí.

Bí mo bá dá orin, "Kókó-ǹ-kókó" ni ẹ óò máa gbè. Kí ẹnikẹ́ni má sùn o. Nínú àlọ́ yìí, ẹni tó bá sùn ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ pé ó fọwọ́ sí i.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Erin dá ẹkù epo sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹkù ìyá arúgbó o. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Erin fi ń tẹ ẹyìn láti òwúrọ̀ dalẹ́, epo á máa ṣàn gba inú ọparun tí wọ́n so kọ́ra láti àárín igbó títí dé etí òkun, ọkọ̀ àwọn àjòjì á sì gbé e lọ. Ọparun ń jò. Ibi tó bá ti jò, omi á pọ́n, ẹja á léfòó. Akàn kó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ ń họra tọ̀sán tòru. Nígbà tí ariwo pọ̀ tó dé etí Kìnnìún ọba, tí òun náà kò ṣaláìjẹ nínú epo yìí, ó ní kí wọ́n lu agogo, ó gbé òfin kalẹ̀. Ó ní nínú gbogbo owó tí Erin bá ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, kí ó yọ mẹ́ta sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó kó o sínú àpótí kan fún àwọn onílẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn níwèé, kí wọ́n sì fi tọ́jú ara wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àjọ Ẹ̀kọ́ àti Àlàáfíà.

Ẹ dúró ná. Mo rí ẹni tó ń tẹ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin epo rọ̀bì tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2021 ní kí ilé iṣẹ́ epo fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Òótọ́ ni pé Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà létí òkun, epo sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ ni mo ń pa. Epo pupa ni Erin tèmi ń tẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé mi lọ sílé ẹjọ́.

Kìnnìún kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó pín owó inú àpótí lójú gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ 100 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ ló wọlé, ó ní kí ọ̀kẹ́ 75 lọ sórí iṣẹ́ tí ojú rí, kí wọ́n kó ọ̀kẹ́ 20 pamọ́ de ọjọ́ ọ̀la, kí ọ̀kẹ́ 5 péré jẹ́ ti ìpàdé, tádàwà àti epo fìtílà. (Bí òfin 2021 náà ṣe pín in nìyẹn, ẹni tó bá ń ṣe iyèméjì kí ó lọ wò ó.) Ọ̀kẹ́ kan nígbà náà, 20,000 owó ẹyọ ni, ẹrù alágbára kan sì ni, nítorí náà 100 ọ̀kẹ́ kì í ṣe owó orí tábìlì. Nísàlẹ̀ òfin yìí ni ìlà kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ: bí ará ìlú kan bá ba ohun ìní Erin jẹ́, inú àpótí ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Ẹranko méjì péré ló ka ìlà yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ni ọ̀kan. Ìjàpá ni ìkejì.

Ó wá ku àwọn tí yóò máa mójú tó àpótí. Òfin ní kí Erin yàn wọ́n lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ ará ìlú. Erin fọ̀rọ̀ lọ wọ́n lóòótọ́. Ó jí láàárín òru, ó fun imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró díẹ̀, kò gbọ́ àtakò, ó bá yàn.

Ìjàpá ló fi ṣe alága. Ìjàpá ti lọ kí i lọ́jọ́ méje ṣáájú, ó dọ̀bálẹ̀ débi tí àyà rẹ̀ fi ha mọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo mọ àwọn èèyàn mi. Bí ebi bá ń pa wọ́n, wọn á máa pariwo. Ẹ ò sì ní láti bọ́ gbogbo wọn kí ariwo tó dínkù. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni kẹ́ ẹ bọ́." Erin ní irú olórí pípé tí òun ń wá nìyẹn.

Odídẹrẹ́ di akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ dùn, ìwé rẹ̀ sì mọ́. Ohun tí alága bá sọ, á tún un sọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ, ariwo afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa. Òkété di akápò. Nígbà tó gbọ́wọ́ sókè tó ń búra pé òun kò ní da àjọ láéláé, àwọn àgbà tó mọ bó ṣe bá Ifá mulẹ̀ tó sì da Ifá tẹjú mọ́lẹ̀, wọ́n ń ka èèrà. Ìgbín ni alábòójútó iṣẹ́. Òun ni yóò máa lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé, kó tó padà wá jábọ̀. Ó gbéra lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án gan-an, kò fi àkókò ṣòfò.

Àdán ni ayẹ̀wéwò. Àwọn ẹyẹ ní kì í ṣe tiwọn, àwọn ẹran ní kì í ṣe tiwọn. Erin ní ohun tí òun fẹ́ gan-an nìyẹn, ẹni tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àdán á so rọ̀ sórí ẹ̀ka, wọ́n á tẹ́ ìwé owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa kà á bí orí rẹ̀ ṣe wà. Bí ó ṣe ń wò ó, ohun tó jáde ló ń wọlé, ohun tó wọlé ló ń jáde, gbèsè di èrè, gbogbo rẹ̀ sì bá ara mu. Á tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀.

Olorì Kìnnìún wá ní kò ní ṣeé ṣe, ó ní obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn náà ní kò burú. Wọ́n mú Ìyá Àgbébọ̀, adìẹ ọlọ́mọ méjìlá, ẹni tí kò sí ohun tó ń sọ lójúmọ́ ju ilé ìwé àti àìsàn ọmọ lọ. Bí Ìjàpá ṣe gbọ́ orúkọ yìí, ó ní nítorí pé oòrùn ọ̀sán ń mú, kí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ta ni kò mọ̀ pé adìẹ kì í ríran lálẹ́? Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Ìyá Àgbébọ̀ á jókòó sáyè rẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, á la ojú rẹ̀ sílẹ̀ títí, oorun á gbé e. Orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú, á máa bọ̀ lẹ́yìn. Odídẹrẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ìyá Àgbébọ̀ mi orí, wọ́n fara mọ́ ọn."

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò lé lórí ni owó ìjókòó. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi fẹnu kò. Àfi pé Odídẹrẹ́ ní orí igi ni òun ń bà sí, òun kì í jókòó, wọ́n bá dá owó ìbà sílẹ̀. Àdán ní òun ńkọ́, wọ́n ní tirẹ̀ á jẹ́ owó ìsorọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lọ sí i lórí. Ẹnì kan rántí Ìgbín. Wọ́n ní ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àjọ kò gbọdọ̀ jìyà, kí wọ́n máa fún un ní owó ìrìnnà ní ojoojúmọ́ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó ń kọjá gbọ́ ìró odó iyán láti ilé alága títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó di ìpàdé kejì, Òkété ní ọ̀kẹ́ 5 ìpàdé ti tán.

Gbogbo wọn dákẹ́. Àdán ní kí wọ́n lọ bẹ Kìnnìún. Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó yọ ọrùn jáde díẹ̀.

"Níbo la wà yìí?"

"Ilé alága ni," Odídẹrẹ́ dáhùn.

"Bí a bá gbé àga wa lọ sórí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ilé ìwé sí ńkọ́?"

"A wà nílé ìwé nìyẹn."

"Iyán tí a bá jẹ níbẹ̀?"

"Iyán ilé ìwé ni."

"Owó rẹ̀ á ti inú èwo jáde?"

Òkété ti ń tú okùn ọ̀kẹ́ 75 kí Odídẹrẹ́ tó dáhùn.

Bí ìpàdé ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ṣèpàdé nílé ẹnikẹ́ni mọ́, orí ilẹ̀ ilé ìwé ni wọ́n ń ṣe é, bó bá sì rẹ̀ wọ́n níbẹ̀, wọ́n á gbé àga lọ sórí ilẹ̀ ilé ìtọ́jú. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ìwé lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Erin fi ti àkọ́kọ́ lélẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọmọ Kìnnìún fi ìkejì lélẹ̀. Ìkẹta, Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló fi í lélẹ̀ ní ìrántí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní màlúù tirẹ̀. (Ẹ má bi mí bí ẹranko ṣe ń pa màlúù jẹ. Ẹ bi àwọn tó jẹ ẹ́.)

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀, wọ́n gbé pátákó dúró. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo pátákó yìí dáadáa. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀ méjèèjì, ó ga ju ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Orúkọ alága wà lókè pátápátá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ọmọ ẹtu ní gíga. Orúkọ akọ̀wé, akápò, ayẹ̀wéwò àti alábòójútó tẹ̀ lé e. Àwòrán Ìjàpá wà lápá ọ̀tún, ó ń fún ọmọdé kan tí kò sí nílùú náà ní ìwé. Nígbà tó kan orúkọ Ìyá Àgbébọ̀, ọ̀dà ti tán, nítorí náà wọ́n fi ẹfun kọ tirẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ sì wẹ̀ ẹ́ lọ. Ilé ìwé kò sí lẹ́yìn pátákó. Ṣùgbọ́n pátákó yìí ní òjìji tó tóbi, Ìgalà tó jẹ́ olùkọ́ sì kó àwọn ọmọ sábẹ́ òjìji náà. Láàárọ̀, wọ́n á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí oòrùn bá ṣe ń yí, Ìgalà á ní, "Ẹ dìde, ẹ gbé àpótí ìjókòó yín," gbogbo kíláàsì á sún lọ díẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, òjìji á kéré débi pé àwọn ọmọ kékeré nìkan ló ń gbà, àwọn ọmọ ńlá á dúró sínú oòrùn máa ka tábìlì. Wọ́n mọ ìṣirò o, kí n má purọ́. Wọ́n mọ wákàtí tó kù kí pátákó tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ti ilé ìtọ́jú sàn díẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn. Ó ní ibùsùn kan, ó ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ. Ẹyẹlé ni nọ́ọ̀sì níbẹ̀, oníwà tútù, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbébọ̀ gbé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ikọ́ ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, omi odò elépo yẹn ló mu. Ẹyẹlé gbé e sórí ìwọ̀n. Ó ní, "Ó ti fúyẹ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ." Ìyá Àgbébọ̀ ní òun mọ̀, kí ni kí wọ́n fún un lò? Ẹyẹlé wo àpótí oògùn tó ṣófo, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ tún gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká tún un wọ̀n."

Láàárín àkókò yìí, àwọn alámòójútó kò sí nílé. Wọ́n ti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìjàpá ló ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ àti àlàáfíà ni orúkọ wa. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ ìlú? Bí ara alága kò bá yá, ta ni yóò jíròrò lórí àwọn tí ara wọn kò yá?" Wọ́n lọ sí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, irú èyí tó wà ní Ìkọ́gọ̀sì ní Èkìtì, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á gbọ́ àsọyé lórí bí a ṣe ń mójú tó owó ìlú, lọ́sàn-án wọ́n á wọ inú omi. Nígbà tí wọ́n dé, ara Òkété ń dán. Odídẹrẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjọ ti ṣàṣeyọrí lórí ẹ̀kọ́, ó ti ṣàṣeyọrí lórí àlàáfíà. N kò rí irọ́ kankan nínú ohun tó kọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó lé àwọn tó ń san owó orí, ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ. Owó yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń sọ̀rọ̀ ariwo yẹn bíi pé àìmọ̀kan ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun lówó ńbẹ̀, á máa wo ibi tí ògiri ga dé. Àwọn ẹranko tèmi yìí kò fọwọ́ ara wọn san owó kankan. Ẹja ni wọ́n san, omi mímu ni wọ́n san, ẹnikẹ́ni kò sì já rìsíìtì ẹja fún wọn. Nítorí náà wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìjàpá.

Ìyá Àgbébọ̀ ni kò dúpẹ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ bá Odídẹrẹ́ lọ́sàn-án, ó ní òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun fẹ́ rí ìṣirò owó. Odídẹrẹ́ ní, "A ti gbọ́, à ń ṣiṣẹ́ lé e." Ó ní ìgbà wo? Odídẹrẹ́ ní, "A ti gbọ́, à ń ṣiṣẹ́ lé e." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá ọlọ́mọ yí padà, ó gba ọ̀nà igbó lọ, ó lọ bá Àkókó.

Àkókó kò kàwé. Iṣẹ́ tó mọ̀ kò ju kó fi ẹnu kan igi, kó sì mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dá tàbí ó ti jẹrà. Àwọn ìjàkùmọ̀ oníwèé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Àgbébọ̀ ní, "Ní ọjọ́ ìpàdé gbogbogbò, o kàn máa bá mi kan igi kan ni."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú igbó kó tó dé etí Ìjàpá. Ó pe Òkété, ó ní, "Akápò ni ọ́. Bí akápò bá wà nínú àpótí, ṣé a lè sọ pé àpótí ṣófo?" Òkété ní a kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹní àti ìrọ̀rí, ó wọlé sínú àpótí, wọ́n tì í.

Ọjọ́ pé. Ìlú kún. Ìjàpá wọ agbádá, ó ní àpótí rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó wá kàn án. Àkókó bà lé e, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn, ó gbé orin:

Àpótí o, àpótí àjọ,
*Kókó-ǹ-kókó.*
Èmi Àkókó ló ń kànkùn,
*Kókó-ǹ-kókó.*
Ọ̀kẹ́ ilé ìwé dà o?
*Kókó-ǹ-kókó.*

Ohùn kan dáhùn láti inú wá, ó gbó bí ohùn baba àgbà:

Ó ń bẹ, ó ń bẹ, ó jókòó,
*Kókó-ǹ-kókó.*

Ẹ gbè é dáadáa! Àkókó tún kàn án:

Owó oògùn ọmọ dà o?
*Kókó-ǹ-kókó.*
Ó ń bẹ, ó ń bẹ, ó sùn lọ,
*Kókó-ǹ-kókó.*
Ọ̀kẹ́ ogún ọjọ́ ọ̀la dà?
*Kókó-ǹ-kókó.*

Inú àpótí dákẹ́. Ìjàpá húkọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ohùn náà ní:

Ẹ bi alága, ẹ má bi mí,
*Kókó-ǹ-kókó.*

Ẹnu ya àwọn ẹranko. Ọ̀yà ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ kí owó ẹyọ máa kọrin. Ìjàpá ní, "Owó yìí ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n Àkókó kò gbọ́ ọ̀rọ̀ alága, igi ló ń gbọ́. Ó sún sápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Èèpo igi ń fò. Kò pẹ́, ihò là. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni irun imú, lẹ́yìn náà ni èèpo èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde, ó ń dà, kò tán. Ni eruku bá wọ Òkété nímú.

"Hàṣíín!"

Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ Ọ̀yà ti mú igi lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àwọn àlọ́ tí ẹ ti ń gbọ́ ni, Ìjàpá ì bá ti sá wọ inú ihò, à bá sì ti máa sọ ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi rí gbágungbàgun. Ìjàpá tòní kò sá. Ó gbọn apá agbádá, ó na òfin Kìnnìún sílẹ̀, ó fi èékánná wá ìlà tó kẹ́yìn, ó kà á sókè. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló pèsè àpótí yìí? Erin ni. Ohun ìní ta ni? Ti Erin ni. Ta ló wá dá ihò sí i lára lójú gbogbo yín?" Gbogbo ojú yí sí Àkókó. Ìjàpá ní àtúnṣe ihò náà yóò gba gbogbo owó tó yẹ kó wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ó dun òun gan-an, òun sì ti ṣètò ilé ìwé sí i. Èmi kò ṣẹ̀dá ìyẹn nínú orí mi o. Òfin 2021 náà ní bí ará ìlú bá ba irinṣẹ́ epo jẹ́, owó àtúnṣe á jáde nínú ìpín tiwọn. Bóyá èyí bọ́gbọ́n mu fún ọ̀pá epo, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ mo mọ irú ẹni tó máa kọ́kọ́ rí ìlò mìíràn fún un.

Kìnnìún gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Oṣù méje ni wọ́n fi jókòó, wọ́n sì gba owó ìjókòó. Wọ́n ní Òkété jẹ̀bi, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Ẹmọ́ àbúrò rẹ̀ rọ́pò. Òkété kó lọ sínú ilẹ̀, ibẹ̀ ló wà dòní, alẹ́ ló ń jáde. Wọ́n ní kí Àkókó má kan ohunkóhun láàárín ìlú mọ́. Wọ́n yin alága fún sùúrù rẹ̀, wọ́n sì fún un ní sáà kejì.

Níbẹ̀ ni Ìyá Àgbébọ̀ ti dìde. Ó ní òun kò bá wọn jà, òun kò ní kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni, òun kò bèèrè owó. Ẹ̀bẹ̀ òun kò ju pé kí wọ́n máa ṣèpàdé lọ́sàn-án, lábẹ́ odán ọjà, kí wọ́n sì wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó máa ka ìwé owó. Ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú Kìnnìún débi pé ó ti ní "bẹ́ẹ̀ ni" kí Ìjàpá tó dé ẹ̀bá etí rẹ̀.

Ìpàdé ọ̀sán àkọ́kọ́, Àdán kò wá. Kò tíì wá títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò sì rí i lójú oòrùn mọ́. Odídẹrẹ́ ka àkọsílẹ̀ àwọn ìpàdé àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó dé ibi tó ní Ìyá Àgbébọ̀ mi orí, ìyá náà ní, "Mo sùn ni." Àwọn alátẹ ata rẹ́rìn-ín títí igbá wọn fi dànù. Ó kàn án nígbà kejì: "Mo sùn ni." Nígbà kẹta, gbogbo ọjà ló bá a sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí owó ìjókòó, Ìjàpá wo àwọn ìyá tó jókòó sórí ilẹ̀ lásán yí i ká, ó ní kí wọ́n rékọjá ìyẹn ná.

Igi kò sí láti fi bo ilé ìwé, wọ́n bá wó pátákó, wọ́n là á, ó bo yàrá méjì pé. Àwọn ọmọ tó bá gbójú sókè á rí orúkọ àwọn alámòójútó lókè àjà, òun ni Ìgalà fi ń kọ́ wọn ní A B D. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìgbín gúnlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọ ìjábọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ti jí pátákó gbé, ó sì yí padà láti gbé e lọ fún alága. Owó ìrìnnà rẹ̀ ṣì ń lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Oògùn ikọ́ ti wà lọ́wọ́ Ẹyẹlé, ti ara yíyún ló kù. Ìjàpá ṣì ni alága. Ọ̀kẹ́ 20 ti ọjọ́ ọ̀la, wọn kò tíì kà á sétí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni ìpàdé, lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ odán. Ẹ wá bá wa bi í.